Àgbọ̀nrín funfun tí kò sẹ́ni lórí gàárì ẹ̀: kí ni àwọn ẹranko ń ṣe nínú àwòrán ẹ̀sìn àwọn ará Japan?

Àkànní_Ayàwòrán (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹnì kan gbé àwòrán àgbọ̀nrín funfun síbí lọ́jọ́sí, ó ní kí ni ẹ rí sí i, ẹlòmíì ní ó rẹwà, ẹlòmíì ní kọ̀ǹpútà ló yà á, ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Èmi ò lè jẹ́ kó parí síbẹ̀ jàre. Àwòrán òrìṣà nìyẹn, òrìṣà yẹn gan-an ni wọn ò sì yà sí i.

Fún ẹni tí kò rí i, ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Kasuga shika mandara ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, ìyẹn àwòrán mímọ́ àgbọ̀nrín ti ojúbọ Kasuga ní ìlú Nara. Orí aṣọ sílíìkì ni wọ́n máa ń yà á sí, wọ́n á ká a pamọ́, tí àsìkò bá tó wọ́n á tú u, wọ́n á fi kọ́ ògiri. Oríṣiríṣi ẹ̀ ló wà, ọ̀kan tó lórúkọ gan wà ní músíọ́mù ìjọba ní ìlú Nara, ayé Kamakura ni wọ́n yà á, ìyẹn láàárín 1185 sí 1333. Òkè Mikasa wà lókè pátápátá. Nísàlẹ̀, àgbọ̀nrín funfun kan dúró lórí ìkùukùu, ó yíjú sẹ́yìn. Wọ́n ti di í ní gàárì, gàárì olówó iyebíye, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gùn ún. Ẹ̀ka igi sakaki ló nàró lórí gàárì yẹn, igi tí ewé ẹ̀ kì í rọ, òun ni wọ́n fi ń bọ òrìṣà lọ́hùn-ún. Dígí rìbìtì kan tó ń dán bíi wúrà wà lórí igi náà, tẹ́ ẹ bá wo inú dígí yẹn dáadáa, ẹ ó rí àwọn Búdà kéékèèké márùn-ún tí wọ́n jókòó.

Ìtàn tó wà nídìí ẹ̀ ni pé òrìṣà kan tó ń jẹ́ Takemikazuchi, jagunjagun ni, Kashima ní ìlà-oòrùn ló ń gbé tẹ́lẹ̀, orí àgbọ̀nrín funfun ló gùn dé Nara. Ọdún 768 ni àwọn tó ni ojúbọ Kasuga fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Ìdílé Fujiwara ló ni ojúbọ náà, àwọn tó ń fi ọmọ wọn obìnrin fún ọba títí tí àwọn fúnra wọn fi di ẹni tó ń ṣe ìjọba lẹ́yìn ìtẹ́. Nínú àwọn àwòrán kan ẹ ó rí òdòdó ìtàkùn elésè-àlùkò tó wé mọ́ igi sakaki yẹn, àmì ìdílé wọn nìyẹn, wọn ò gbàgbé ara wọn rárá.

Ìbéèrè mi wá ni pé kí ló dé tí wọn ò ya òrìṣà náà kó jókòó sórí ẹran ẹ̀? Kì í ṣe pé wọn ò mọ àwòrán yà. Èmi ní èrò tèmi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín.

Ṣeun_Bódìjà

Ó ti sọ̀kalẹ̀ lọ ra omi 😂😂

Ẹ má bínú ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ṣé àgbọ̀nrín yẹn fúnra ẹ̀ kọ́ ni òrìṣà náà ni? Torí mo rí fídíò Nara kan tí àwọn àgbọ̀nrín ń rìn ní títì bí ẹni tó san owó ilẹ̀, ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n, wọ́n sì ń tẹrí ba fún àwọn àlejò. Lọ́dọ̀ wa ẹran tó bá fi orí ara ẹ̀ jáde sí títì báyẹn, ẹ mọ ibi tó ń sùn lálẹ́.

Pásítọ̀_Tòpẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ẹranko ni wọ́n ń bọ. Gbogbo ẹwà tẹ́ ẹ̀ ń tò sílẹ̀ yìí ò yí ìyẹn padà.

Dúpẹ́_Kobe

Ṣeun, mo sún mọ́ Nara, kò jìnnà sí mi rárá. Ìforíbalẹ̀ tẹ́ ẹ rí nínú fídíò yẹn, bisikíìtì ló ń fà á, wọ́n ń ta bisikíìtì àgbọ̀nrín ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá yíjú sí nínú ọgbà yẹn, àwọn ẹran náà sì ti mọ̀ pé ẹni tó bá tẹrí ba ló ń jẹ. Tó o bá pẹ́ kó o tó fún un, á fi eyín fa ṣẹ́ẹ̀tì ẹ. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Láti 1957 ni ìjọba ti fi òfin dáàbò bò wọ́n, ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ṣì kà wọ́n sí, kò sí ẹni tó ni wọ́n. Tó bá di ìgbà òtútù-ò-tíì-dé wọ́n máa ń kó àwọn akọ jọ, wọ́n á gé ìwo wọn kí wọ́n má bàa fi gún èèyàn, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é.

Láyé àtijọ́ ẹni tó bá pa á, orí ẹ̀ ló máa fi san án, tẹ́ḿpìlì Kofuku-ji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kasuga ló ń dá irú ẹjọ́ yẹn. Àwọn ará Nara máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdí nìyẹn tí àwọn baba àwọn fi máa ń tètè jí, kí wọ́n lọ yẹ ẹnu ọ̀nà wò bóyá òkú àgbọ̀nrín ló sùn síbẹ̀, tó bá wà níbẹ̀ kí wọ́n yáa wọ́ ọ lọ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò 😂

Àkànní_Ayàwòrán

Dúpẹ́ o ṣé gan.

Ṣeun, àgbọ̀nrín kọ́ ni òrìṣà. Ìránṣẹ́ ni. Àwọn ojúbọ ńláńlá ní Japan ló ní ẹran tí ń jíṣẹ́ fún wọn, Kasuga ní àgbọ̀nrín, Inari, òrìṣà ìrẹsì, ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, Hie tó wà ní ẹsẹ̀ òkè Hiei ní ọ̀bọ, Hachiman ní ẹyẹlé, Kumano ní kannakánná. Ẹran yẹn ló ń lọ, ló ń bọ̀ láàárín òrìṣà àti èèyàn.

Ẹ wá gbọ́ èyí kí Búdà inú dígí yẹn lè yé yín. Nígbà tí ẹ̀sìn Búdà dé ọ̀dọ̀ wọn láti Kòríà àti Ṣáínà, wọn ò da òrìṣà ilẹ̀ wọn nù. Ohun tí wọ́n wá gbà nígbà tó yá ni pé àwọn òrìṣà yẹn, Búdà ni wọ́n ní ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọ̀ òrìṣà ni wọ́n gbé wọ̀ kí wọ́n lè sún mọ́ àwọn èèyàn Japan. Òrìṣà márùn-ún ló wà ní Kasuga tẹ́ ẹ bá ka Wakamiya, òrìṣà ọmọ wọn, mọ́ ọn, ìyẹn ni Búdà fi jẹ́ márùn-ún. Takemikazuchi, àwọn kan ní Shaka ni, ìyẹn Búdà fúnra ẹ̀, àwọn kan ní Fukukenjaku Kannon ni. Àwọn yòókù ni Yakushi, Jizo, Kannon olórí mọ́kànlá, àti Monju fún Wakamiya.

Ó yá, ẹ padà wo bí ayàwòrán yẹn ṣe tò ó. Ẹran tí ojú ń rí ní Nara lójoojúmọ́ wà nísàlẹ̀. Búdà tí ojú ò lè rí wà lókè nínú dígí. Àárín méjèèjì, ibẹ̀ ló yẹ kí òrìṣà jókòó sí, gàárì àti igi lẹ rí. Ibi tó wà gan-an ni wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo. Èrò mi nìyẹn: iṣẹ́ ẹranko nínú àwòrán yìí ni kó fi hàn yín pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè rí.

Pásítọ̀, àwọn àwòrán yìí, wọ́n ń bọ wọ́n lóòótọ́, mi ò jiyàn. Kujo Kanezane, ìjòyè ńlá nínú ìdílé Fujiwara, Kyoto ló ń gbé, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ ní 1184 pé wọ́n gbé àwòrán ojúbọ Kasuga wá fún òun láti Nara, òun sì jọ́sìn níwájú ẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn dé ojúbọ, ojúbọ á bá a nílé. Ṣùgbọ́n ta ló ń bọ? Kì í ṣe ẹran.

Pásítọ̀_Tòpẹ́

Ẹran ló wà nínú àwòrán, iwájú àwòrán yẹn ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí. Kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Ìyá_Bùnmi

Pásítọ̀ mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kékeré kan ni. Àdàbà tí wọ́n yà sí ara ògiri lẹ́yìn pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí a máa ń kunlẹ̀ níwájú ẹ̀ gbàdúrà, ta là ń bọ?

Ṣeun_Bódìjà

😶

Pásítọ̀_Tòpẹ́

Ìyá wa, mi ò ní bá yín jà níta gbangba. Ṣùgbọ́n èmi ò lè gbé àgbọ̀nrín yẹn kọ́ sílé mi o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé yín.

Alábòójútó

Ẹ ṣé tí ẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, mo ti pa ọ̀rọ̀ méjì rẹ́ lókè níbẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ mọ ara wọn.

Ọmọ_Ìṣẹ̀ṣe

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ọ̀rọ̀ gàárì òfìfo yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Ẹ wo oṣé Ṣàngó, obìnrin tí wọ́n gbẹ́ sára ẹ̀ yẹn, àwọn tí kò mọ̀ máa ń ní Ṣàngó ni. Ẹni tó ń sin Ṣàngó ni, olùjọ́sìn ni, ẹdùn àrá ló rù lórí. Ṣàngó fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ṣé ohun kan náà nìyẹn àbí irọ́ ni mò ń pa?

Àkànní_Ayàwòrán

Ó fara jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn gbà débẹ̀ yàtọ̀, má jẹ́ ká pò wọ́n pọ̀. Tiwọn, kí ẹ̀sìn Búdà tó dé, kò wọ́pọ̀ kí wọ́n ya òrìṣà tàbí kí wọ́n gbẹ́ ẹ, inú dígí, inú òkúta, inú igi ló máa ń bà lé. Búdà ló mú ère wá, àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òrìṣà náà, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn ò kúrò lára wọn tán. Ìwé àwòrán kan wà tí Takashina Takakane yà fún Kasuga ní 1309, ìwé kíká ogún ni gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀ ó gùn lọ rẹrẹẹrẹ, ìtàn bí òrìṣà Kasuga ṣe ń yọ sí àwọn èèyàn ló wà nínú ẹ̀. Níbẹ̀, òrìṣà á wọ aṣọ ìjòyè, aṣọ pípé, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ ojú ẹ̀ ò hàn, ó kẹ̀yìn sí wa tàbí kí nǹkan bò ó lójú. Àgbọ̀nrín ní tiwọn, wọn ò fi ojú wọn pamọ́.

Alhaji_Ìlọrin

Mò ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀, ẹ kú làákàyè. Ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn ni kò yé mi. Ẹran ẹlẹ́tàn, tí ń jí adìyẹ, kí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ òrìṣà ìrẹsì?

Àkànní_Ayàwòrán

Alhaji, ẹ kú ọ̀sán sà. Àwọn náà mọ̀ ọ́n ní ẹlẹ́tàn, ìtàn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń di obìnrin arẹwà kún ilẹ̀ wọn. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé ó máa ń wà nítòsí oko ìrẹsì, ó ń jẹ eku, àwọ̀ ẹ̀ sì jọ ti ìrẹsì tó gbó. Ní Fushimi Inari ní Kyoto, tí wọ́n ní 711 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọ̀kan gbé kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu, ọ̀kan gbé ìdì ìrẹsì, òmíì gbé òkúta iyebíye tàbí ìwé kíká.

Ti inú àwòrán ló wá le jù. Dakiniten ni wọ́n ń pè é, obìnrin tó gun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun tó ń sáré, idà lọ́wọ́ kan, òkúta iyebíye lọ́wọ́ kejì. Íńdíà ni gbòǹgbò ẹ̀, àwọn ẹ̀mí kan tó ń jẹ ẹran ara èèyàn ni wọ́n, ajáko ló ń bá wọn rìn ní itẹ́ òkú. Japan ò ní ajáko. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló gba ipò ajáko, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ti jẹ́ ti Inari tẹ́lẹ̀, bí Dakiniten àti Inari ṣe wọnú ara wọn nìyẹn. Ẹran kan ṣoṣo ló so ẹ̀mí abàmì láti Íńdíà pọ̀ mọ́ òrìṣà oko. Títí di òní Toyokawa Inari, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, tẹ́ḿpìlì Búdà ni.

Dúpẹ́_Kobe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ ti rí kannakánná Kumano tẹ́lẹ̀, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹ wo àmì tó wà láyà jẹ́sì Japan, ẹyẹ dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé bọ́ọ̀lù dání. Yatagarasu nìyẹn, ẹyẹ tó fọ̀nà han ọba wọn àkọ́kọ́, Jimmu, nígbà tó sọnù sínú igbó Kumano. Láti 1931 ló ti jẹ́ àmì àjọ bọ́ọ̀lù wọn. Ní Òlíḿpíìkì 1996 nígbà tí àwọn Kanu àti Okocha na wọ́n ní 2-0, kò fọ̀nà hàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn o 😂

Ní Kumano fúnra ẹ̀ wọ́n ń tẹ ìwé ààbò kan tí wọ́n fi kannakánná ṣe lẹ́tà, ẹyẹ kéékèèké ló to ara wọn jọ tó di ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ni wọ́n máa ń kọ ìbúra sí láyé àwọn jagunjagun. Ẹni tó bá dalẹ̀, wọ́n ní kannakánná máa kú ní Kumano, òun náà á sì pọ ẹ̀jẹ̀.

Ṣeun_Bódìjà

Ká fi bá àwọn olóṣèlú wa mu àdéhùn jàre, ká wo iye kannakánná tó máa kù.

Bísí_Oníwèé

Gbogbo yín ń sọ ẹran tó ń ṣiṣẹ́, ẹran tó ń gbé òrìṣà, ẹran tó ń jíṣẹ́. Èmi fẹ́ sọ nípa àwọn tó wá sunkún.

Nehan-zu ni àwòrán ikú Búdà. Wọ́n máa ń gbé e kọ́ ní tẹ́ḿpìlì ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì ní kàlẹ́ńdà àtijọ́. Búdà dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn láàárín àwọn igi sala, òṣùpá kún lókè, ìyá ẹ̀ Maya ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run, àwọn ọmọ ẹ̀yìn yí i ká, àwọn kan ti dákú. Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn tó ní ọdún lára, 1086 ni, Kongobu-ji ní òkè Koya ló ni ín. Ó tóbi, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ara Búdà ń tàn. Ẹranko kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo àwòrán yẹn: kìnìún. Ó wà ní igun nísàlẹ̀, ìbànújẹ́ ti gbé e ṣubú.

Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n yà ní igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ilẹ̀ ti kún. Ẹṣin, màlúù, ọ̀bọ, ehoro, ejò, àkùkọ, ìjàpá, ẹyẹ tó gbé òdòdó sẹ́nu, títí kan akàn àti ọ̀kùn. Erin funfun ni mo fẹ́ràn jù, ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ó ju ẹsẹ̀ sókè, ó la ẹnu, ó ń ké bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ yọ́ lọ ọjà. Nínú àwọn àwòrán yìí àwọn Bosatsu, ìyẹn àwọn ẹni mímọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di Búdà, tó ti ní òye kì í sunkún, ojú wọn tutù, wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun tó kú. Ọmọ ẹ̀yìn tó mọ̀ díẹ̀ ń sunkún díẹ̀. Àwọn ẹranko ló ń yí gbiri nílẹ̀. Ayàwòrán ń fi ẹkún wọn ìmọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi gbogbo agbára ẹ̀ ya àwọn tí kò mọ nǹkan kan, ara wọn ni ojú wa sì máa ń kọ́kọ́ lọ.

Èwo ni kò sí níbẹ̀? Ológbò. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Nehan-zu kò sí ológbò. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tí Búdà ń ṣàìsàn, Maya ju àpò oògùn sí i láti ọ̀run, àpò há sórí igi, wọ́n rán eku kó lọ gé e, ológbò bá gbé eku jẹ. Oògùn ò dé ilẹ̀.

Àfi ti Tofuku-ji ní Kyoto. Mincho ló yà á, ẹlẹ́sìn Búdà tó ń gbé nínú tẹ́ḿpìlì náà, 1408 ló parí ẹ̀, ó lé ní mítà mẹ́wàá ní gíga. Ológbò wà níbẹ̀, ó jókòó jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ẹran yòókù. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀dà ń tán lọ́wọ́ Mincho, ológbò kan ló ń fẹnu gbé e wá fún un láti àfonífojì ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì, òun náà bá fi í sí i.

Ìyá_Bùnmi

Bísí, o pa mí lẹ́kún pẹ̀lú erin yẹn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè, ṣé erin wà ní Japan ni? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ bó ṣe rí?

Àkànní_Ayàwòrán

Ìyá, ìbéèrè tó dáa jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Kò sí. Erin àkọ́kọ́ tí ìwé wọn sọ pé ó gúnlẹ̀, èbúté Obama ló gúnlẹ̀ sí ní 1408, ọkọ̀ láti gúúsù ló gbé e wá fún olórí àwọn jagunjagun. Ọdún kan náà tí Mincho parí àwòrán ẹ̀! Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, láti inú ìwé mímọ́ àti àwòrán tó wá láti Ṣáínà ni wọ́n ti ń fà á yọ.

Ẹ wá wo ohun tí ẹni tí kò rí erin rí yà. Ní músíọ́mù ìjọba ní Tokyo, Fugen Bosatsu kan wà láti ọ̀rúndún kejìlá, ó pàtẹ́wọ́ pọ̀, ó jókòó lórí òdòdó òṣíbàtà, òdòdó yẹn wà lẹ́yìn erin funfun eléyín mẹ́fà, mẹ́ta lápá kan mẹ́ta lápá kejì. Ojú erin yẹn rọra dì, ó jọ ojú èèyàn tó ń gbọ́ orin. Kò sí ìwúwo kankan lára ẹ̀. Aṣọ Fugen, wúrà ni wọ́n gé tín-ín-tín-ín, tí wọ́n fi ọwọ́ lẹ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè di iṣẹ́ ọnà ara aṣọ. Ìwé Lótọ́ọ̀sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀, ìwé náà ṣèlérí pé ẹni tó bá ń ka òun, Fugen máa gun erin funfun eléyín mẹ́fà wá dáàbò bò ó. Ìwé yẹn kan náà ló ní obìnrin lè di Búdà, ìyẹn ni àwọn obìnrin ààfin fi fẹ́ràn Fugen gan. Ẹ fojú inú wò ó, obìnrin tí kì í jáde, tó jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, erin ló ń bọ̀ wá bá a yẹn.

Ìyá Búdà náà, erin funfun eléyín mẹ́fà ló lá lálàá pé ó wọ inú òun lọ́jọ́ tó lóyún ẹ̀.

Alhaji_Ìlọrin

Ọ̀kín ńkọ́? Mo rí ọ̀kan tí ọ̀kín gbé.

Àkànní_Ayàwòrán

Kujaku Myoo sà, Myoo ni wọ́n ń pe àwọn ọba tó ń ṣọ́ ẹ̀kọ́ Búdà. Ọ̀kín ń jẹ ejò olóró, májèlé ò ràn án, ìyẹn ni wọ́n fi ń ké pè é lórí májèlé àti àìsàn, wọ́n sì tún ń fi tọrọ òjò. Àwọn Myoo yòókù máa ń bínú, eyín wọn yọ síta, òun nìkan ni ojú ẹ̀ tutù. Ẹ wá ìyẹn tó wà ní Tokyo, ìrù ẹyẹ yẹn tàn yí i ká tó fi di ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn orí ẹ̀.

Ṣeun_Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè oníṣẹ́ ọwọ́. Báwo ni wọ́n ṣe rí funfun àgbọ̀nrín yẹn tó fi ń tàn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún méje ọdún? Ọ̀dà tí mo fi kun yàrá mi ò ju ọdún méjì lọ tó fi pupa.

Àkànní_Ayàwòrán

Láyé Kamakura, láti ara òjé ni wọ́n ti sábà máa ń rí àtíkè funfun wọn, nígbà tó yá ni wọ́n wá ń lọ ìkarahun inú òkun fún un, gofun ni wọ́n ń pè é. Àtíkè yẹn ò lè dá lẹ̀ mọ́ aṣọ, wọ́n á se awọ ẹran títí á fi di gúlúù, nikawa, wọ́n á fi ìka pò ó mọ́ ọn nínú abọ́ gbígbóná. Awọ màlúù ni, wọ́n ń lo awọ àgbọ̀nrín náà. Búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Irun ẹran, irun àgbọ̀nrín wà nínú ẹ̀. Mo máa ń ronú ẹ̀ pé àwọn tí òfin ń pa tí wọ́n bá pa ẹran yìí, ẹran ló lẹ òrìṣà wọn mọ́ aṣọ.

Sílíìkì náà fúyẹ́, ojú ríran gbà á kọjá. Nítorí náà wọ́n máa ń kun ẹ̀yìn aṣọ náà, wọ́n á wá rọra kun iwájú. Funfun ẹ̀yìn á máa yọ gba àárín okùn aṣọ jáde. Ara á dà bí ara, kò ní dà bí ọ̀dà.

Pásítọ̀_Tòpẹ́

Mo ní ìbéèrè, mi ò wá jà. Ẹ ní Búdà àti òrìṣà wà nínú àwòrán kan. Gbogbo àwọn ará Japan tí mo bá pàdé, wọ́n ní ìkan lọ́tọ̀ ìkan lọ́tọ̀ ni.

Bísí_Oníwèé

Wọ́n yà wọ́n ni sà. Ní 1868 ìjọba Meiji pàṣẹ kí wọ́n ya òrìṣà kúrò lára Búdà, torí wọ́n fẹ́ fi òrìṣà gbé ọba ró. Ó di ìparun ní àwọn ibì kan, wọ́n fọ́ ère, wọ́n sun ìwé. Ní Nara, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Kofuku-ji pa iṣẹ́ dà wọ́n di àwòrò Kasuga, tẹ́ḿpìlì ṣófo, ilé alájà márùn-ún wọn tó gbajúmọ̀ yẹn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n tà á. Ẹ wá ro àwòrán àgbọ̀nrín wa. Níbo ni kó gbé e sí? Ojúbọ ò fẹ́ Búdà inú dígí, tẹ́ḿpìlì ò sì mọ ohun tó fẹ́ fi àgbọ̀nrín ṣe. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà ẹ̀sìn kúrò níbi tí wọ́n wà. Fenollosa, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní yunifásítì Tokyo, àti Bigelow, dókítà ará Boston, kó púpọ̀ nínú ẹ̀ jọ, músíọ́mù Boston ló wà títí dòní.

Kí n tó lọ: ẹ ò tíì mẹ́nu ba Jakuchu, ayàwòrán, ọmọ oníṣòwò ẹ̀fọ́ nínú ọjà Nishiki ní Kyoto, 1716 sí 1800. Ó ya Nehan-zu, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn níbẹ̀, kò sí ẹranko. Dáíkónì, ìyẹn rádíìṣì funfun gbọ̀ǹgbọ̀n, ló dùbúlẹ̀ lórí agbọ̀n tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó wà nípò Búdà. Igi àgbàdo ló dúró nípò igi sala. Ẹ̀fọ́, olú àti èso ló yí i ká tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀.

Àkànní_Ayàwòrán

Mo mọ̀ ọ́n, àwàdà ni jàre.

Bísí_Oníwèé

Àwàdà kẹ̀? Ọkùnrin tó ya àwòrán ọgbọ̀n, ẹyẹ, ẹja, kòkòrò, àkùkọ, tó kó gbogbo ẹ̀ fún tẹ́ḿpìlì Shokoku-ji kí wọ́n fi kọ́ yí Búdà ká? Àwọn kan gbà pé ikú ìyá ẹ̀ ló ń bẹ lẹ́yìn rádíìṣì yẹn. Wọ́n ti kọ́ wọn pé koríko àti igi náà lè di Búdà. Tí ẹranko bá lè ṣọ̀fọ̀, tí ẹ̀mí Búdà bá wà nínú ohun gbogbo, kí ló dé tí rádíìṣì ò lè kú ikú Búdà? Òun ló gba ọ̀rọ̀ gàárì òfìfo yín yẹn dé òpin.

Àkànní_Ayàwòrán

Mo gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n èèyàn lè gba ẹ̀kọ́ gbọ́ kó sì máa rẹ́rìn-ín. Erin Mincho ń sunkún. Rádíìṣì yẹn ò sunkún, àwa tá a mọ Nehan-zu tẹ́lẹ̀ ló ń pa lẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rí ọ̀kan rí, ohun tó máa rí ni ẹ̀fọ́.

Ìyá_Bùnmi

Èmi tí mo ti ta ẹ̀fọ́ rí ò rí ẹ̀rín níbẹ̀ o. Bísí ló jàre. Níbo ni èèyàn ti lè rí i lójúkojú? Bùnmi ń lọ fún kọ̀nfáráǹsì ní Osaka lọ́dún tó ń bọ̀.

Dúpẹ́_Kobe

Ìyá, rádíìṣì wà ní músíọ́mù ìjọba ní Kyoto, ọkọ̀ ojú irin láti Osaka ò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n kí Bùnmi kọ́kọ́ yẹ ìkànnì wọn wò kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, iná máa ń ba sílíìkì àti ìwé jẹ́, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé irú ẹ̀ kọ́ kí wọ́n tó ká a padà. Ti Tofuku-ji, àárín oṣù kẹta ni wọ́n máa ń tú u sílẹ̀, tí kọ̀nfáráǹsì ẹ̀ bá bọ́ sí ìgbà yẹn, kó sọ fún mi, màá mú un lọ wo ológbò.